Kóńgò Tó Tẹ̀ Nídìí: Ohun Tí Fífọwọ́ Kan Airflow Ń Ṣe Sí Epo Ọkọ̀

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, títí kan ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún torí bẹ́ǹṣì ò tó, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù lónìí, ẹ̀yin lẹ máa ń kó pláyà wọ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ọ̀gá tó ti òde dé. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí airflow, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì. Mo ti gbọ́. Àmọ́ mi ò ní sọ ọ́ bíi tíṣà o, bá a ṣe ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ni màá ṣe sọ ọ́, ẹni tí kò bá yé kó dá mi dúró.

Ọkùnrin kan gbé Corolla 2005 wá bá mi. Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ báyìí inú ẹ̀ ń dùn, ó ní "Bọ̀dá, mo ti ṣe é kó má mu epo mọ́." Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Háà. Wọ́n ti yọ sẹ́ńsọ̀ airflow kúrò nínú páìpù tó bá a wá, wọ́n lọ gé páìpù tó fẹ̀ jù ú lọ lára ọkọ̀ mìíràn, wọ́n dá ihò sí i, wọ́n ki sẹ́ńsọ̀ bọ ibẹ̀, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá a ṣe é sọ fún un pé afẹ́fẹ́ á máa wọlé dáadáa, epo á wá dín kù. Ó sì gbowó lọ́wọ́ ẹ̀ o. Ó lóun rí i lóòótọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní báyìí iná check engine ti tàn, ọkọ̀ ń jáàkì, tó bá kó èèyàn mẹ́rin tó fẹ́ gun òkè Mokola n'Ìbàdàn, ó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bíi ìgbà tí wọ́n ń gbọn ìṣó nínú agolo mílíìkì.

Mi ò bú u. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, kí ló kù téèyàn ò ní dán wò? Àwọn kan ń po nǹkan mọ́ epo, àwọn kan ń so mágínẹ́ẹ̀tì mọ́ páìpù epo, ti airflow tiẹ̀ ṣì jọ nǹkan tó ní làákàyè nínú.

Ẹ jẹ́ n bi yín. Ṣé ẹ mọ kóńgò táwọn ìyá onígàárì fi ń wọn gàárì? Ẹ mọ̀ pé àwọn kan wà nínú wọn, kì í ṣe gbogbo wọn o, tí wọ́n á ti lu ìdí ẹ̀ wọnú. Ẹ ka mẹ́wàá, ẹ sanwó mẹ́wàá, ẹ délé, mẹ́jọ ló wà nínú àpò. Airflow tá à ń sọ yìí, kóńgò ni. Òun kọ́ ló ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ẹ́ńjìnnì ló ń fà á. Òun kọ́ ló ń tú epo, nọ́sù ló ń tú u. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó wọn afẹ́fẹ́ tó ń kọjá, kó ka iye ẹ̀ sétí brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, brain box á wá sọ fún nọ́sù pé ṣí fún báyìí báyìí. Tó o bá wá lu ìdí kóńgò, gàárì tó wà lọ́jà ò pọ̀ sí i, kò sì dín kù, irọ́ lo kàn kọ́ kóńgò.

Báwo ló ṣe ń wọ̀n ọ́n? Nínú airflow ìgbàlódé, irú èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ Toyota tó dé láti bíi 2000 síwájú, wáyà tín-ín-rín kan wà níbẹ̀, platinum ni wọ́n fi ṣe é, iná ń gba inú ẹ̀ kọjá, ó ń gbóná. Wọ́n ti ṣètò ẹ̀ pé kó gbóná ju afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lọ ní iye kan tí kò gbọdọ̀ yí padà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, ó ń tutù, bẹ́ẹ̀ náà ló ń fi iná kún un kó lè padà síbi tó wà. Bí ẹ bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí ògì gbígbóná, ṣé bẹ́ ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ tó náà kọ́ ló ṣe máa ń tutù tó? Òun nìyẹn. Iye iná tó fi kún un yẹn ló ń yí padà di volt tó ń gba wáyà tí Toyota kọ VG sí lọ sí brain box. Ohun tó sì dára nínú ẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tútù tó ki máa ń mú wáyà tutù ju afẹ́fẹ́ ọ̀sán gangan tó fúyẹ́ lọ, torí náà ìwúwo afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀n, kì í ṣe bó ṣe gba àyè tó. Ìwúwo yẹn gan-an sì ni epo nílò.

Torí gíráàmù epo kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gíráàmù 14.7 kó tó lè jóná tán. Ẹ fi 14.7 yẹn sórí. Tí afẹ́fẹ́ bá kéré sí i, bíi 12.5 tàbí 13 sí epo kan, epo ti pọ̀, ọkọ̀ á fà dáadáa lóòótọ́ ṣùgbọ́n á máa mu ún. Tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, èéfín dúdú, plọ́ọ̀gì á dú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, epo á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà. Tí afẹ́fẹ́ bá wá pọ̀ jù, 17, 18 lọ sókè, ẹ́ńjìnnì lásán bíi tiwa yìí ò ní lè dáná ẹ̀ dáadáa mọ́, á máa jáàkì, ooru á mú.

Corolla 1.8 tára ẹ̀ dá, tó wà lórí ìdúró, tí AC ò sí, afẹ́fẹ́ bíi gíráàmù 2 ló ń fà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Tó bá jókòó sójú kan nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ fún wákàtí kan gbáko, afẹ́fẹ́ kílò 7.2 ló fà, epo tó bá a lọ á sún mọ́ gíráàmù 490, ìyẹn bíi ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta lítà kan. Ẹ ò tíì lọ síbì kankan o.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí páìpù ọkùnrin yẹn. Sẹ́ńsọ̀ yẹn ò rí gbogbo afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Díẹ̀ tó gba ojú ihò kékeré ara ẹ̀ ló ń tọ́ wò, bí ìyá olóúnjẹ ṣe ń fi ṣíbí kan tọ́ ìkòkò ọbẹ̀ wò. Àwọn tó ṣe é ti ṣírò ẹ̀ pé nínú páìpù tó fẹ̀ tó báyìí, tí díẹ̀ yìí bá jẹ́ báyìí, gbogbo ẹ̀ á jẹ́ báyìí, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú brain box. Ká ní páìpù àkọ́kọ́ fẹ̀ ní mìlímítà 60, wọ́n wá gbé e sínú ti 70. Ojú lásán á wò ó pé ìyàtọ̀ díẹ̀ ni. Irọ́ ni o. Ẹnu páìpù, ìlọ́po ara ẹ̀ la fi ń wọ̀n ọ́n, 60 lọ́nà 60 jẹ́ 3600, 70 lọ́nà 70 jẹ́ 4900. Afẹ́fẹ́ kan náà ló fẹ́ gba ibi tó fẹ̀ jù kọjá, á rọra máa lọ, wáyà ò ní tutù tó bó ṣe yẹ, airflow á wá ka bíi 73 nígbà tó jẹ́ pé 100 ló wọlé. Brain box á fún 73 lépo. Afẹ́fẹ́ 20 á wá pàdé epo kan. Ẹ́ńjìnnì wo ló fẹ́ fi ìyẹn gun Mokola?

Ọ̀gá kan níbí yìí dá mi dúró, ó ní ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn ṣì rìn fọ́ṣẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ yẹn sà, ibẹ̀ gan-an ni mo ń bọ̀.

Kóńgò ọjà ní oníbàárà tó lè gbé gàárì délé kó tún un wọ̀n. Ọkọ̀ náà ní tiẹ̀. Oxygen sensor tó wà lára sáíléńsà, èyí tó wà ṣáájú kàtàlíìsì tó ń fọ èéfín mọ́, òun ni oníbàárà yẹn. Ó ń gbọ́ òórùn èéfín tó ń jáde, ó ń sọ fún brain box pé afẹ́fẹ́ ṣẹ́ kù síbí, tàbí pé epo pọ̀ jù. Brain box á gbọ́, á fi kún un tàbí á yọ níbẹ̀. Ẹ lọ fi skánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tó wà nínú brain box, wò ó, ẹ máa rí Short Term Fuel Trim àti Long Term. Short ni àtúnṣe tojú ẹsẹ̀, Long ni èyí tó ti kọ́ mọ́ra. Láàárín àyọkúrò 10 sí àfikún 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sí wàhálà. Ọkọ̀ ọkùnrin yẹn nígbà tí mo ki skánà bọ̀ ọ́, Long ẹ̀ ti wà ní àfikún 28, kóòdù P0171 ti jókòó síbẹ̀, ìyẹn ni pé epo kéré ju afẹ́fẹ́ lọ. Brain box ti fi gbogbo agbára ẹ̀ sọ irọ́ kóńgò di òtítọ́, ó ti dé ibi tọ́wọ́ ẹ̀ lè nà dé, kò sì tíì tó, torí ìṣirò tá a ṣe lẹ́ẹ̀kan yẹn ń bèèrè bíi 36, bí 4900 ṣe fi ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún ju 3600 lọ.

Ṣẹ́ ẹ wá rí i? Èyí tó pọ̀ jù nínú epo tẹ́ni yẹn lóun yọ lọ́tùn-ún, brain box ti ń dá a padà lósì. Lórí ìrìn jẹ́jẹ́, epo tó dín kù ò tó nǹkan. Ọ̀sẹ̀ méjì tó ní ó dín kù yẹn ńkọ́? Lójú tèmi o, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó kí ọkọ̀ má mu epo, ẹsẹ̀ ẹ̀ á rọ̀ fúngbà díẹ̀.

Ibi tó ti ń bunijẹ nìyí wàyí. Oníbàárà yẹn kì í sí nílé nígbà gbogbo. Nígbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì lówùúrọ̀, oxygen sensor ò tíì gbóná, kò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì tẹná mọ́lẹ̀ pátápátá, tẹ́ ẹ fẹ́ ya tírélà sílẹ̀ ní expressway, brain box kì í dúró gbọ́ tiẹ̀ mọ́, ohun tí airflow bá kà àti ohun tó ti kọ́ mọ́ra tẹ́lẹ̀ ló ń lò. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tó le jù, tó sì fẹ́ epo púpọ̀ láti fi tutù, ìgbà yẹn gan-an lẹ fi í lé kóńgò òfegè lọ́wọ́. Orí pístìnnì tẹ́ ẹ máa ń rí tó yọ́ bí àbẹ́là, fáàfù tó jó létí, ọ̀pọ̀ ìgbà irú ibẹ̀ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀tọ̀ sì tún ni ti iná plọ́ọ̀gì, èyí tí ọ̀pọ̀ wa kì í rántí, èmi náà ò mọ̀ ọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ká má purọ́. Brain box kì í fi airflow ṣètò epo nìkan. Òun náà ló fi ń mọ bí ẹrù ẹ́ńjìnnì ṣe wúwo tó. Tí airflow bá ka kékeré, á rò pé ọkọ̀ ò gbé nǹkan kan, á wá jẹ́ kí plọ́ọ̀gì tanná ṣáájú àsìkò, torí ẹ́ńjìnnì tí kò gbẹ́rù lè gbà á. Èyí tó wà lórí òkè pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin ò lè gbà á. Ìṣó inú agolo tí ọkùnrin yẹn ń gbọ́, òun nìyẹn. Epo kéré, iná tètè tàn, ooru ọ̀sán Ìbàdàn, gbogbo ẹ̀ pàdé lórí pístìnnì kan.

Kì í sì ṣe àwa nìkan là ń lu ìdí kóńgò o. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó fẹ́ràn Mustang 5.0 ti ṣe é títí ó fi di ọjà títà. Láti bíi 1989 ni Mustang 5.0 ti ń lo airflow káàkiri ibẹ̀, nọ́sù tó bá a wá jẹ́ ti epo pọ́ùn 19 ní wákàtí kan. Wọ́n á fẹ́ kó lágbára sí i, wọ́n á fi nọ́sù 24 sí i. Kàkà kí wọ́n tún brain box kọ, wọ́n á ra airflow tí wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó máa ka kékeré, bíi 79 nínú 100, torí 19 nínú 24 nìyẹn. Brain box á ṣí nọ́sù fúngbà kúkúrú, nọ́sù ńlá á tú epo tó tó. Irọ́ méjì pàdé lọ́nà, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Epo dọ́gba. Ṣùgbọ́n plọ́ọ̀gì ò sí níbi tí wọ́n ti ṣèpàdé, 79 yẹn lòun gbọ́, á sì tanná ṣáájú. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ níbẹ̀ fi pa ìyẹn tì, wọ́n ń wọnú brain box lọ tún ìṣirò airflow tó wà níbẹ̀ kọ, pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ wideband lára sáíléńsà tó ń sọ iye tí afẹ́fẹ́ àti epo jẹ́ gan-an. Tẹ́ ẹ bá ní in, tẹ́ ẹ sì mọ̀ ọ́n lò, ẹ fẹ páìpù yín bó ṣe wù yín.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín níwájú, mo mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń rántí. Airflow ayé àtijọ́ tó ní pátákó bí ilẹ̀kùn nínú, tí afẹ́fẹ́ ń tì ṣí, Bosch ló gbé e jáde láàárín 1970s tó sọ ọ́ ní L-Jetronic, L yẹn ni Luft, afẹ́fẹ́ lédè Jámánì. Ẹ máa ń ṣí ideri dúdú ẹ̀, ẹ̀ ń yí wíìlì eléyín tó di spring mú, ẹ bá tú u díẹ̀ epo á pọ̀, ẹ bá fún un mọ́ epo á dín. Mercedes V-boot tó ń lo KE-Jetronic náà, allen key 3 mm lẹ fi ń ṣe é, apá ọ̀tún epo pọ̀, apá òsì epo dín. Mi ò ní bá yín jà lórí ìyẹn, wọ́n ṣe é kéèyàn lè tún un ṣe ni. Ti wáyà gbígbóná yìí, ilẹ̀kùn ò sí níbẹ̀, ẹ ò rí nǹkan yí.

Àwọn kan á wá sọ pé àwọn ò fọwọ́ kan páìpù, wáyà làwọn fi rẹsísítọ̀ sí, nǹkan kékeré tó ń dí iná lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní chip, ẹ bá tú u, rẹsísítọ̀ kan ṣoṣo lẹ máa bá nínú ẹ̀. Wáyà márùn-ún ló wà lára airflow Toyota yẹn, méjì nínú ẹ̀, THA àti E2, ti ìgbóná afẹ́fẹ́ ni. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe tutù tó ni ohm ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó, ń lọ sókè, ní digírì 20 bíi 2,200 sí 2,700 ni, ní digírì 20 sísàlẹ̀ òdo ó lé ní 13,000. Wọ́n á fi rẹsísítọ̀ sọ fún brain box pé yìnyín ń bọ́ n'Ìbàdàn. Wọ́n rò pé epo á pọ̀, ọkọ̀ á fà. Ṣùgbọ́n wáyà gbígbóná ti wọn ìwúwo afẹ́fẹ́ ná, ọ̀rọ̀ epo ò fi bẹ́ẹ̀ kan THA mọ́. Plọ́ọ̀gì ló máa gbọ́ pé ilẹ̀ tutù, táá tún máa tanná ṣáájú, nínú ooru digírì 34. Ẹ tún padà síbi ìṣó inú agolo.

Ìdọ̀tí náà ń lu ìdí kóńgò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Tí ọyẹ́ bá mú, tẹ́ ẹ bá yọ fíltà sọnù torí wọ́n ní ọkọ̀ á mí dáadáa, eruku á lẹ̀ mọ́ wáyà bí ẹ̀wù. Àwọn fíltà olówùú tí wọ́n ń fi ọ́ìlì pa náà, tí ọ́ìlì ẹ̀ bá pọ̀ á fò lọ lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé airflow tó dọ̀tí á ka púpọ̀ jù lórí ìdúró, á wá ka kékeré nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Nínú skánà, Long á lọ sí àyọkúrò tẹ́ ẹ bá dúró, á yí sí àfikún lórí ìrìn. Airflow Bosch àtijọ́ kan wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti pa ọkọ̀, á dáná sí wáyà ẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó digírì 1,000, láti jó ìdọ̀tí kúrò. Tiwa yìí ò ní ìyẹn. Spray airflow ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ fín in láti òkèèrè, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi epo àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, mo rí yín.

Ọmọ iṣẹ́ kan bèèrè pé tí ò bá sí skánà ńkọ́. Wo róbà tó wà láàárín airflow àti throttle, ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tí ẹsẹ̀ yín ń ṣí, ná, tó bá sán, afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n ló ń wọlé, bákan náà ni àìsàn ẹ̀ ṣe rí pẹ̀lú ti páìpù ńlá, ọ̀pọ̀ airflow tí wọ́n ti jù nù kò ṣẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà pa ọkọ̀, yọ ojú wáyà tó so mọ́ airflow, tún un sítáàtì. Brain box á fi ibi tí throttle ṣí dé àti eré ẹ́ńjìnnì méfò. Tí ọkọ̀ bá wá ń dún dáadáa ju ìgbà tó wà lórí ẹ̀ lọ, o ti mọ ẹni tó ń purọ́. Àmọ́ má jẹ́ kí oníbàárà gbé e lọ bẹ́ẹ̀ o, ìyẹn fún kó lè délé ni, á máa mu epo bí ọ̀mùtí.

Ìyá kan tó wá gbé ọkọ̀ ẹ̀ tó bá wa jókòó ní òun fẹ́ mọ bí ti ọkùnrin Corolla ṣe parí. Mo wá páìpù tòótọ́ ẹ̀ rí, a dá a padà, a pa kóòdù rẹ́, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta Long ti bọ́ sí àfikún 4. Ó wá dúró, ó ní "Bọ̀dá, epo tí mo ní kẹ́ ẹ bá mi dín kù ńkọ́?" Mo ní ká wo atẹ́gùn táyà, torí ìyẹn náà ń jẹ epo. Iwájú 22 àti 20, ẹ̀yìn 24 àti 21. Mo fẹ́ gbogbo ẹ̀ sí 32. Búrékì ẹ̀yìn kan sì ń di táyà mú, ọwọ́ lásán ò lè yí i tán. Mo tú ìyẹn náà.